Ọjọ́ tí Mo Pàṣẹ fún Bàbá Ọkọ Mi

Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi mọ bíréèkì ọkọ̀, kí n tó fi ojú mọ̀ ọ́n. Bàbá tó bí mi ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìkọ̀lé, lẹ́yìn ilé wa gan-an, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí epo ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí mo bọ́ aṣọ, tí mo jẹun tán, iṣẹ́ tó ń dúró dè mí ni kí n jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó, kí n máa bá bàbá mi tẹ bíréèkì. Bàbá mi á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, n kì í rí i, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́. "Tẹ̀ ẹ́!" Màá tẹ̀ ẹ́, màá tún un tẹ̀, títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Dì í mú!" Màá fi ẹsẹ̀ mọ́ ọn, màá ní, "Ó wà nísàlẹ̀!" Òun á wá tú nọ́ọ̀tì kékeré kan tó wà lẹ́yìn táyà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nípù. Epo bíréèkì á tú jáde pẹ̀lú atẹ́gùn tó há sínú rẹ̀, bíréèkì á sì rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òun á dí nípù náà padà, á ní, "Gbé e!" Ìgbà yẹn nìkan ni mo tó gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀. Bí mo bá gbé e ṣáájú, atẹ́gùn á tún ti ẹnu nípù wọlé padà, a ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, bàbá mi kò sì ní fi ẹnu rere bá mi sọ ọ́.

Nígbà tí mo relé ọkọ ní Ìtàjí, bàbá mi ti di olóògbé, n kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa bíréèkì. Mo ti pinnu láti jẹ́ ìyàwó gidi, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan sọ sí. Mo ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ayé, títí kan àwọn ọmọdé tí wọ́n ti bí sínú ẹbí kí n tó dé. Nígbà mìíràn mo máa ń kúnlẹ̀ kí ẹni tí n kò tíì rí dáadáa, bí mo bá sì gbójú sókè, màá rí i pé ẹni tó ń kiri ẹ̀pà ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ìparí oṣù ló máa ń wálé, nítorí náà èmi, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ nìkan la wà nínú ilé náà.

Bàbá ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, tó máa ń káàkiri oko kòkó ní Orin, ní Ààyè àti ní gbogbo agbègbè wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù. Bí ènìyàn bá bá a sọ̀rọ̀, bó ti wù kí ẹni náà kéré tó, kì í dá a lóhùn láìkọjú sí i. Bó bá ń jẹun, á gbé òkèlè sílẹ̀. Bó bá ń rìn lọ, á dúró, á yí padà, á wo ẹni náà lójú, á wá béèrè pé, "Kí lo wí, ọmọ mi?" Mo fẹ́ràn ìwà yìí gan-an. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá fẹ́ kó gbàgbé rẹ̀ fún ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ni ojú ń dùn. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀, kí n tó dé ilé náà rárá. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ó mọ̀ pé ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó sì na ọwọ́ sí mi, ṣùgbọ́n kò rí ojú mi. Ohùn mi àti ìró ẹsẹ̀ mi ló fi mọ̀ mí. Bí mo bá wọlé láìsọ̀rọ̀, á fetí sílẹ̀, á ní, "Ìyàwó ni," inú mi á sì dùn bíi pé mo gba ẹ̀bùn.

Ilé ìwòsàn kan ní Ìdó ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà fún un. Wọ́n ti kọ́kọ́ fún un ní ọjọ́ kan rí. Ọkọ̀ èrò la wọ̀ nígbà yẹn. Ó dúró ní Ọ̀yẹ́ títí èrò fi kún, nígbà tí a ó fi dé Ìdó, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ kọjá, wọ́n ní kó lọ gba ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi dúró de ọjọ́ mìíràn náà, ojú ọ̀tún tó ṣì fi ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì ń ṣú sí i. Bàbá wá ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé òun tìkára òun ni yóò fi ọkọ̀ òun gbé e lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kó wá. Bàbá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ọ̀yẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kó bá òun pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì kan tó ti ń sán, ó sì rọra gbé e dé ilé láìsí wàhálà.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá fẹ́ kọjú ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ìrìn àárọ̀ ọjọ́ kejì lè yá. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì rì dé ilẹ̀, ọkọ̀ sì rọra lọ fi imú gún ògiri ilé ìdáná wa. Ògiri náà kò ṣe nǹkan kan, ọkọ̀ náà kò ṣe nǹkan kan. Bàbá pe mẹkáníìkì, ó ní òun wà níbi òkú ní Ọmùò, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó pe onítakisí kan ní Ọ̀yẹ́, ẹlòmíràn ti háyà rẹ̀. Ó pe èkejì, kò gbé fóònù. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, ó ń wo ọkọ̀ náà.

Ìyá ti gbọ́ ìró náà láti ibi tó jókòó sí. Àpò tó dì fún ilé ìwòsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé?" Bàbá ní bíréèkì kò dì mú mọ́. Ìyá ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín. Ojú tí kò ríran yìí ti mọ́ mi lára báyìí." Ó sì fi ẹsẹ̀ rọra ti àpò náà sẹ́yìn àga.

Àpò yẹn ló dùn mí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, atẹ́gùn ló wọ inú bíréèkì yẹn nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde." Ó wò mí bí ẹni pé mo ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Lóòótọ́, ìdajì iṣẹ́ náà ni mo mọ̀, ìdajì tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Ìdajì kejì, ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń tẹ bíréèkì ni mo máa ń fi ojú wò ó lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, kò sí ohun tí mo ti rí rí tí n kò rò pé mo mọ̀.

A fi òkúta ti táyà, a fi jáàkì gbé ọkọ̀. Sípánà wà nínú bọ́ọ̀tù, ìgò epo bíréèkì tí mẹkáníìkì fi sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a lè rí inú rẹ̀ kedere, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn, mo ki ẹnu rẹ̀ kan bọ orí nípù, mo ki èkejì sínú ike omi tí mo ti da epo bíréèkì díẹ̀ sí. Ibi táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, tó jìnnà jù sí awakọ̀, ni bàbá mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo dùbúlẹ̀. Bàbá jókòó síbi ìwakọ̀, ó fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì.

Ẹnu mi kọ̀ láti sọ "Tẹ̀ ẹ́!" Ta ni màá sọ ọ́ sí? Ohun tó jáde ni, "Bàbá, ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ bíréèkì yẹn sà." Ó tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dì í mú síbẹ̀." Ó dì í mú. Mo tú nípù, epo tú jáde, atẹ́gùn ń hó wùùwùù nínú rọ́bà. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ìgbà tí mo ní, "Ẹ ṣeun sà!" Kíá ni Bàbá gbé ẹsẹ̀, ó yọ orí síta, ó wá ojú mi kàn nísàlẹ̀, ó ní, "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi." Nípù ṣì wà ní ṣíṣí. Gbogbo atẹ́gùn tó jáde ló fà padà sínú.

Mo ṣàlàyé fún un, ó gbọ́, ó ní kí n má bínú. A tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," á ti kọjú sí mi kí n tó dé ohun tí mo fẹ́ kó ṣe. Bí kò bá yọ orí síta, á yí ọrùn sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì rọ̀ lórí bíréèkì. Bí mo bá gé ọ̀rọ̀ kúrú, ojú á tì mí, màá tún fi "sà" mìíràn lé e. Òrùn ń yí lọ, epo inú ìgò ń dínkù, bíréèkì sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá dá a lábàá pé ká pààrọ̀ ibi tí a wà. Bí òun bá wà nísàlẹ̀, òun ni yóò máa pàṣẹ, èmi ni n ó máa tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tí ojú yóò tì. Ó bọ́ dàńṣíkí rẹ̀, ó di orúnkún mú, ó rọra dùbúlẹ̀. Mo jókòó síbi ìwakọ̀. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́." Ẹsẹ̀ mi rántí iṣẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ó wà nísàlẹ̀, sà!" Ó tú nípù. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá kan ní ojúlé kejì, tó máa ń wá bá ìyá ọkọ mi ṣeré, ya wọ inú ọgbà wa.

Ó figbe ta. "Yéè! Kí ni mò ń rí nínú ulé yìí? Ìyàwó jókòó sókè, bàbá ọkọ wà ní ulẹ̀! Ṣé uṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní Ìkọ̀lé rè é?"

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tí orúnkún mi kan ilẹ̀ ni mo gbọ́ tí atẹ́gùn ń wọ inú rọ́bà, tí Bàbá sì ń sọ nísàlẹ̀ ọkọ̀ pé, "Ìyàwó, ó ti fà á padà o."

Ìyá ọkọ mi dìde lórí àga. N kò tíì gbọ́ kó gbóhùn sókè rí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì! Ìwà ọmọlúàbí yín yìí ni yóò fọ́ mi lójú! Ta ló ń kí ta nínú bíréèkì? Ọ̀la ni wọ́n ní kí n wá! Ọ̀la!" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ìgbà yẹn ló hàn sí mi pé ojú náà kò mọ́ ọn lára rárá, pé ó ń bẹ̀rù.

Bàbá dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Báwo ni bàbá rẹ ṣe máa ń pàṣẹ fún ọ?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Pàṣẹ fún mi bẹ́ẹ̀. Má kí mi. Má ṣe 'sà.' Má dúpẹ́. Èmi náà kò ní wo ẹ̀yìn. Bí mo bá wo ẹ̀yìn, bú mi." Ó wá kọjú sí aládùúgbò wa, ó ní, "Ìyá, ẹ ti gbọ́ o. Èmi ni mo ní kó ṣe é." Ìyá náà gbé ọwọ́ lérí, ó jókòó ti ìyá ọkọ mi, kò fẹ́ kí ohun tó ń bọ̀ fo òun dá.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní padà. Mo di ojú mi, mo sọ fún ara mi pé bàbá mi ni mo ń ràn lọ́wọ́, mo sì la ẹnu.

"Tẹ̀ ẹ́!"

Ohùn náà tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Adìyẹ kan sá kúrò lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí Bàbá ń tẹ̀ ẹ́.

"Dì í mú!"

"Ó wà nísàlẹ̀!" Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ṣe dáhùn, kò sì wo ẹ̀yìn.

Mo tú nípù, mo dí i padà. "Gbé e!" Ó gbé e. Atẹ́gùn tó jáde kò padà. Lẹ́yìn ìyẹn n kò tún rántí ẹni tó jókòó níbẹ̀ mọ́. Mo ń pàṣẹ, ó ń ṣe é. Mo ní kó dúró, kí n bu epo kún inú másítà, ike tó ń gba epo bíréèkì sí, kó má baà gbẹ, ó dúró. Ìgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù, mo jágbe mọ́ ọn, "Mo ní gbé e ni?" Mo gbọ́ tí ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé láti ìgbà tí ìyá tó bí ọkọ òun ti kú, kò sí ẹni tó tún bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, mo rí i bí ọkọ̀ ṣe ń mì.

Táyà mẹ́ta ṣe wẹ́rẹ́. Ìkẹrin, èyí tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, ló dà mí láàmú. A pàṣẹ, a tẹ̀ lé àṣẹ, síbẹ̀ atẹ́gùn kéékèèké ń jáde ṣáá, kò tán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bíréèkì ti ń le. Mo sinmi, mo wo nípù náà dáadáa. Mo rí i pé ara eyín rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yí i, ni epo ti ń kán. Bí epo bá lè gba ibẹ̀ jáde, atẹ́gùn náà lè gba ibẹ̀ wọlé nígbà tí mo bá tú u, a jẹ́ pé èyí tí mo ń rí nínú rọ́bà kì í ṣe ti inú bíréèkì, ti ìta ni. Mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń wé nǹkan funfun kan mọ́ irú nípù bẹ́ẹ̀, tí mo máa ń rò pé báńdéèjì ni. Téèpù funfun tí àwọn pọ́ńbà fi ń wé ẹnu páìpù ni. Bàbá ní èyí tó kù nígbà tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo yọ nípù kíá, mo fi ìka dí ihò tí mo ti yọ ọ́, mo nu nípù náà, mo wé téèpù náà mọ́ eyín rẹ̀ nìkan. N kò jẹ́ kó dé ṣóńṣó orí rẹ̀ tó ń dí ojú ọ̀nà, n kò sì jẹ́ kó bo ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo dá a padà, a tún bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba atẹ́gùn díẹ̀ ló jáde, lẹ́yìn náà, epo nìkan ló ń ṣàn nínú rọ́bà, ó mọ́ kedere. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó le bí òkúta."

A fún gbogbo nípù le, mo fi ìdérí rọ́bà dé wọn lórí kí iyẹ̀pẹ̀ má baà dí wọn. Bàbá wa ọkọ̀ náà yí ọgbà ká, ó ń tẹ bíréèkì, ó ń dúró, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo ti kúnlẹ̀, mo ń tọrọ àforíjì gbogbo ohun tí ẹnu mi sọ. Ó dúró, ó kọjú sí mi, ó wò mí lójú. Ó ní, "Kí lo wí, ọmọ mi? N kò gbọ́ nǹkan kan." Aládùúgbò wa sì ti lọ ròyìn fún gbogbo àdúgbò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a gbéra. Mo jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Ìyá. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti da gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ mi ń bá Bàbá tẹ̀ ẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, àdúrà sì wà lẹ́nu mi. Bíréèkì dì í mú. A dé Ìdó kí àwọn nọ́ọ̀sì tó jókòó, nígbà tí wọ́n sì pe orúkọ Ìyá, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́ ẹ.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ní ọjọ́ kejì ni wọ́n sì ṣí i. Bàbá ti gé irùngbọ̀n, ó dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì, èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀. Dókítà yọ òwú kúrò. Ìyá ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, omi ń jáde lójú náà. Ó wo Bàbá, ó ní, "Ẹ ti hewú." Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ń wò káàkiri, ó ń wá ẹnì kan. Mo bọ́ síwájú, mo kúnlẹ̀, mo kí i, ó gbọ́ ohùn mi, ó sì wò mí. Ó wo ojú mi, ó wo èjìká mi, ó wo ìwọ̀nba ibi tí mo ga dé lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde. Mo dìde. Ó tún wò mí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú.

Ó ní, "Ìwọ rè é? Mo ti rò pé o ga."

Mo sunkún níbẹ̀, n kò fi pa mọ́, dókítà sì rò pé nǹkan kan ti bàjẹ́.

Bàbá ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Ọlọ́run báyìí. Ilé wa ní Ìkọ̀lé ni Ìyá ń gbé lọ́dọ̀ èmi àti ọkọ mi, tó ti kúrò ní Àbújá. Èmi ni mo ṣì ń lé atẹ́gùn jáde nínú bíréèkì ọkọ̀ wa, ọkọ mi ni mo sì máa ń gbé sórí bíréèkì. N kì í bẹ òun ní tèmi. Láàárọ̀, bí mo bá wọ yàrá Ìyá, tí mo kúnlẹ̀ kí i, kì í tètè dáhùn. Á kọ́kọ́ wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́, kó tó bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa. N kì í béèrè ohun tó ń wò. Màá kúnlẹ̀ síbẹ̀, màá jẹ́ kó wò ó tán.